Ohùn àti Àwọ̀: Kíka Ewì Ṣóyínká ní Tòpò
Nínú ‘Telephone Conversation’, ewì Wọlé Ṣóyínká, orí tẹlifóònù ni ọkùnrin adúláwọ̀ kan ti ń wá yàrá tí yóò háyà. Ohùn rẹ̀ kò tú u fó. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ìran rẹ̀, tí obìnrin onílé fi ń bi í bí ó ti dúdú tó. (Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi fèsì.) Bí a bá ka ewì yìí ní Tòpò, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ọ̀ràn yí padà. Àwọ̀ kò ya àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá, èdè ni. Ohùn tí ó bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ewì ni ó ń tú u síta níhìn-ín. Òǹkàwé Yorùbá tí ó ti ń bá ayálégbé náà kẹ́dùn lè wá rí i pé ipò onílé gan-an ni òun wà.