Ìlú tí Rélùwéè Fò Dá

Wọ́n ní àwọn ti dé Nicodemus, ṣùgbọ́n Willianna Hickman wòtún wòsì, kò rí ilé kankan. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń rú jáde láti inú ilẹ̀ níbí lọ́hùn-ún, ó ní ìlú náà nìyẹn. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Ọdún 1878 nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún tó ṣáájú ni W. R. Hill, òyìnbó kan tó ń ṣòwò ilẹ̀, àti àlùfáà W. H. Smith, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn, parapọ̀ tẹ ìlú náà dó. Wọ́n gbé ìpolówó lọ sí Kentucky, wọ́n pe àwọn tó ti bọ́ lóko ẹrú pé kí wọ́n wá gba ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ìpolówó ọ̀hún dùn ju òótọ́ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1877, èèyàn tó lé ní 300 wọ rélùwéè dé ìlú Ellis, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àwọn kan rí ibẹ̀, wọ́n yí padà.

Àwọn tó dúró kò ní igi ìkọ́lé, wọn ò ní ẹran tí yóò túlẹ̀. Nígbà òtútù, àwọn ará Osage, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ti ìgbẹ́ ọdẹ bọ̀ ló fún wọn lóúnjẹ. Àwọn tí ìjọba ti lé kúrò ní Kansas ló bọ́ àlejò Kansas!

Síbẹ̀ ìlú gbèrú: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, òtẹ́ẹ̀lì, ìwé ìròyìn méjì. Ní 1887, wọ́n dìbò pé àwọn yóò fi 16,000 dọ́là fa rélùwéè Missouri Pacific wọ̀lú. Kò wá. Lọ́dún kejì, Union Pacific la tirẹ̀ gba òdìkejì odò Solomon. Làwọn oníṣòwò bá kó lọ sí Bogue, ìlú tí rélùwéè náà gbà kọjá. Àwọn mìíràn wọ́ odindi ilé ìtajà wọn dání. Ọ̀dá tó dé lẹ́yìn náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, rélùwéè ló pa ọjà Nicodemus.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ tì pa ní 1953. Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di ojúkò ìtàn, ṣùgbọ́n ìlú kò ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Èèyàn 14 ni ìkànìyàn ọdún 2020 bá nílé. Lópin oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìlú tó ti fọ́n káàkiri Amẹ́ríkà máa ń wálé wá ṣàjọyọ̀ òmìnira, ilé a sì kún.