Bí Ọmọ Tí Kò Ríran Ṣe Dẹni Tó Ń Dá Kàwé

Ìkéré-Èkìtì ni iléèwé àwọn afọ́jú ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà. Ohun tó jẹ́ kí irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ṣeé dá sílẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ tí ọmọ tí kò ríran lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò láti kàwé àti láti kọ̀wé. Kí wọ́n tó dé, etí nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹni tó ń kàwé fún un bá ti dákẹ́, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1809, ló la ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú. Nígbà tó yá, ojú kejì náà fọ́. Ọmọ ogun kan, Charles Barbier, ti ṣe ìkọ̀wé alámì tótòtó kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àmì méjìlá ló tò fún ìró kọ̀ọ̀kan, ìka kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1824, Braille dín in kù sí mẹ́fà. Ìyẹn ni orí ìka lè bò tán, ọ̀nà 63 ni a sì lè gbà tò wọ́n.

Síléètì ni irinṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi ń kọ ìkọ̀wé náà, tí à ń fi orúkọ Braille pè. Pákó irin méjì ni, wọ́n á fi bébà líle sí àárín wọn. Pákó òkè ní ojú wíńdò kéékèèké, ti ìsàlẹ̀ ní ihò mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ á fi irin ṣóńṣó gún bébà náà láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì. Bó bá yí i padà, àmì á ti yọ sókè, á sì fi ìka kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Àwọn oníwàásù ló gbé ẹ̀kọ́ yìí wọ Nàìjíríà. Wọ́n dá iléèwé àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri lókè Ọya ní 1953, ìjọ Kátólíìkì sì dá ti Pacelli sílẹ̀ ní Sùrùlérè, ní Èkó, ní 1962. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1951, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ Braille, Perkins, iṣẹ́ ọwọ́ David Abraham, ti jáde ní Amẹ́ríkà. Bọ́tìnì mẹ́fà ni wọ́n ń tẹ̀ lórí rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, òǹkọ̀wé sì lè ka ohun tó kọ lójú ẹsẹ̀ láìyí bébà padà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti àwọn tó ń máàkì ìdánwò kò mọ Braille kà. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ṣe ní láti kọ́ títẹ táípù, kí ó lè tẹ ìdáhùn rẹ̀ fún ẹni tó ríran. Ìṣòro ńlá wà níbẹ̀: kò lè ka ohun tó tẹ̀. Bí ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ bá gbẹ, ó lè tẹ ojú ìwé mẹ́ta kí ó sì fi bébà funfun sílẹ̀, láìmọ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ ló yanjú èyí. Ọmọ Ọsirélíà kan tí kò ríran, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ní 2006. Òun àti James Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀, sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń tẹ lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń pè é, yóò sì ka gbogbo iṣẹ́ náà fún un kó tó fi sílẹ̀. Ìjọba náà gbé ìgbésẹ̀: láti 2017 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ti ní ètò ìdánwò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019 sì pàṣẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé ìparí girama, pé kí Braille sì wà nínú ohun tí iléèwé ń kọ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun kò lé Braille lọ. Ohùn tó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni. Bó bá ka Yorùbá, àmì ohùn á dàrú, ìtumọ̀ á sì sọnù. Ìka lórí bébà ni ọmọ fi ń mọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ gan-an. Iná kì í sì í fìgbà gbogbo wà, bẹ́ẹ̀ síléètì kò béèrè iná. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ran iléèwé Ìkéré tàbí irú rẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ bi àwọn olùkọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kó sì rántí bébà líle, ìwé Braille àti síléètì bó ṣe ń rántí kọ̀ǹpútà.