Gígé ọyàn àti títún un ṣe: ìpinnu méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Àbúrò màmá mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò retí. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá gé e tán, kí ni màá wá fi kún inú bùbá?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà tí ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá fún wọn láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn ti kọjá. Wọn ò lọ. Àwọn kan nínú ẹbí ní owó ló fà á, àwọn kan ní ẹ̀rù ọ̀bẹ ni. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ohun tí Àǹtí mi gbọ́ ni pé wọ́n máa gé ọyàn òsì, ó sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọ̀nà wà láti ṣe òmíràn. Èmi tí mo ka báyọ́lọ́jì gan-an ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo bá lọ wádìí, mo tẹ̀lé wọn lọ rí dókítà, mo sì fetí sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo kọ́ ni mò ń sọ fún yín, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè mọ ohun tó máa bi dókítà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń gé e. Jẹjẹrẹ ni kí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara ya olórí kunkun, kó máa pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, láì gbọ́ "ó tó". Bí wọ́n bá tètè rí i, tí kókó náà ṣì kéré, wọ́n lè yọ kókó nìkan, kí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ìyókù ọyàn náà. Ní 2002, ẹgbẹ́ Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà àti ti Umberto Veronesi ní Ítálì tẹ àbájáde ogún ọdún jáde: àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì gba ìtànṣán, kò kú ju àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í dé ilé ìwòsàn títí kókó á fi tóbi, ẹ̀rọ ìtànṣán náà sì jìnnà síra. Láti Ìlá, ẹ máa gba Ìkìrun dé Òṣogbo kí ẹ tó máa ronú Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìdí nìyẹn tí gígé gbogbo ọyàn fi wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí mi kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ tipẹ́: obìnrin á gbà kí wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ kímò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dárúkọ gígé, á pòórá. Á lọ sọ́dọ̀ alágbo, á lọ sórí òkè àdúrà. Nígbà tó bá fi máa padà, kókó ti di egbò, jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Ẹ̀rù pé ọyàn á ku ẹyọ kan ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun tí mo sọ fún wọn lẹ́yìn tí mo wádìí nìyí: ìpinnu méjì ni ẹ so pọ̀ di ọ̀kan. Gígé ní ọjọ́, nítorí jẹjẹrẹ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Títún ọyàn ṣe ò ní ọjọ́. Wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n gé e, wọ́n lè ṣe é lẹ́yìn ọdún kan, àní lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Èèyàn sì lè má ṣe é rárá.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọ̀nà méjì gbòógì ló wà.

Ọ̀kan ni àpò silikónì. Ní 1962, ní ìlú Houston, dókítà méjì, Thomas Cronin àti Frank Gerow, fi irú àpò bẹ́ẹ̀ sí àyà obìnrin kan tó ń jẹ́ Timmie Jean Lindsey. Òun ò tiẹ̀ ní jẹjẹrẹ o! Ó lọ kí wọ́n bá òun pa àwòrán tí wọ́n fín sí i láyà rẹ́ ni, wọ́n bá bi í bóyá ó máa gba àpò náà. Fún ẹni tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀, awọ tó kù kì í sábà tó bo àpò. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ àpò rọ́bà òfìfo sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ rọ omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ikùn aboyún ṣe máa ń na awọ, kí wọ́n tó wá fi àpò gidi rọ́pò rẹ̀.

Dídára ọ̀nà yìí ni pé wọn ò ní gé ibòmíràn lára. Wàhálà rẹ̀ ni pé ara mọ àlejò. Ó máa ń hun àpá yí àpò náà ká, nígbà míì àpá yìí á súnkì, á fún àpò náà pọ̀, ọyàn á le gbagidi, á sì máa dun èèyàn. Ìtànṣán máa ń mú kí èyí pọ̀ sí i. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà nìyẹn: ṣé mo máa gba ìtànṣán lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e? Àpò náà ò sì wà títí ayé, ó lè bẹ́, ó lè di pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó oríṣi àpò kan tí ara rẹ̀ rí hákahàka kúrò lọ́jà káàkiri ayé nítorí jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń mú sẹ́ẹ̀lì ajẹ́sára, tí wọ́n rí i pé ó bá a tan.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n mú ẹran ara ẹni fúnra ẹni. Iginio Tansini, oníṣẹ́ abẹ ará Ítálì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1906: ó gé awọ àti iṣan ńlá kan ní ẹ̀yìn, kò já a kúrò lára òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọ, ó wá yí i gba abẹ́ abíyá bọ́ sí àyà. Ẹ wò ó bí ìtàkùn iṣu. Ẹ lè yí i kúrò lórí igi kan sórí òmíràn, kò ní rọ, nítorí ìdí rẹ̀ ò kúrò nínú ebè. Ti ikùn náà wà: awọ àti ọ̀rá abẹ́ ìdodo. Nínú irú èyí tó gba ọgbọ́n jù, wọ́n máa ń já ọ̀rá náà kúrò pátápátá, wọ́n á wá rán òpójẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti àyà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan tín-ín-rín di ńlá. Ó máa ń gba wákàtí púpọ̀, ó gba àwọn tó kọ́ ọ dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dì sínú òpó yẹn, gbogbo rẹ̀ lè kú. Ṣùgbọ́n tó bá yege, ọyàn á rọ̀, á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sanra bí ẹ bá sanra. Ó tún máa ń fara da ìtànṣán ju àpò lọ.

Owó ọ̀nà yìí ni ọgbẹ́ kejì. Iṣan ẹ̀yìn tí mo sọ yẹn ni a fi ń fa korobá jáde nínú kànga, òun náà ni adẹ́mu fi ń fa ara rẹ̀ sókè lórí ọ̀pẹ. Àǹtí mi ní oko, wọ́n sì máa ń gúnyán. Iṣan tó kù máa ń gba iṣẹ́ náà ṣe lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ẹni tó ń fi apá jẹun gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Àwa Ìgbómìnà máa ń ní ara ogbó, àdá tó mọ ọ̀nà, ni orúkọ wa ti wá. Mo ní ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ mọ̀nà. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣá. Ọyàn tí wọ́n tún ṣe kì í ṣe ọyàn àtijọ́. Kò ní wàrà. Orí ọmú lè má sí níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá tún un ṣe tàbí kí wọ́n fín in. Ó lè má mọ̀ pé ọwọ́ kan òun mọ́, nítorí wọ́n ti gé àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Àpá lè wú, awọ dúdú tiwa mọ ìyẹn ṣe dáadáa. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí wọn ò kápá máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ pẹ́ kó tó jinná. Ohun kan tó fi Àǹtí mi lọ́kàn balẹ̀ ni pé títún un ṣe kì í pe jẹjẹrẹ padà wá.

Ní Nàìjíríà, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ara ṣe wà ní UCH Ìbàdàn, ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì l'Ékòó. Wọn ò pọ̀, àwọn tí iná jó àti àwọn tí mọ́tò gbá sì ń dúró dè wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó jáde ní 1998 sọ pé inṣọ́ránsì tó bá sanwó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ san ti títún un ṣe. Níhìn-ín, àpò ẹbí lowó ti sábà máa ń jáde.

Àǹtí mi gbà kí wọ́n gé e. Ti títún un ṣe, wọ́n ní àwọn á rò ó tí ìtànṣán bá parí.

Ohun tí a ò múra sílẹ̀ fún ni ike. Bí wọ́n bá gbé ọyàn kúrò, àyè máa ń ṣófo lábẹ́ awọ, omi ara á sì máa sun síbẹ̀. Wọ́n á fi okùn rọ́bà fa omi náà sínú ike kékeré kan. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ la máa ń dà á, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kọ́kọ́ pupa bíi sobó, ó wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, nígbẹ̀yìn ó dà bí òróró. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń yọ okùn náà tí omi bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílílítà 30 lójúmọ́. Àǹtí mi fi ọ̀já ọmọ so ike náà mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró, wọ́n ní ọmọ tí ò kì í sunkún ni.

Apá ló tún kàn. Wọ́n ti sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n máa di ìkúùkù, kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa ká ìgúnpá. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbá apá mọ́ra bí adìẹ tó ṣẹ́ ní ìyẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ ike, apá náà ò lè ya irun mọ́. Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ìka rìn lórí ògiri lọ sókè títí yóò fi fà wọ́n, a ó sàmì tuntun. Àwọn àmì yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan wọ́n pè mí. "Orí ọmú ń yún mi." Èwo? "Èyí tí wọ́n gé." Ẹnì kan nínú ilé ti ń sọ pé ayé ni. Kì í ṣe ayé. Ọpọlọ ní àwòrán gbogbo ara lọ́dọ̀, ó sì ní igun tó jẹ́ ti ọyàn. Wọ́n gé ọyàn, wọn ò gé igun yẹn. Ó ṣì ń retí ìròyìn, nígbà tí kò rí i, ó ń gba ti àdúgbò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Inú apá lókè tó kú tipiri náà ní ìdí tirẹ̀: iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ gba abíyá kọjá, níbi tí wọ́n ti yọ àwọn kókó kéékèèké.

Àwọn kókó abíyá yẹn dà bí gọ́tà. Tí wọ́n bá yọ wọ́n, omi lè máa dúró sínú apá, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún pàápàá. Ẹ máa wo òrùka tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún, tàbí apá bùbá tó há lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ̀gún bá gún apá náà lóko, ẹ tètè fọ̀ ọ́, tó bá pọ́n tó sì gbóná, ilé ìwòsàn ni. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí obìnrin má gbé nǹkan wúwo mọ́ láéláé. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú: gbígbé ìrin tó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ àmójútó, kò mú kí ó wú sí i. Nítorí náà, Àǹtí mi simi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orógùn, wọ́n wá padà sídìí odó.

Wọn ò wo ojú ọgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ wọn ló ń bá wọn nù ún.

Fún ẹni tí ò fẹ́ ọ̀bẹ kejì, nǹkan wà láti fi sínú kọ́mú. Ruth Handler, ẹni tó dá ọmọlangidi Barbie sílẹ̀, gé ọyàn ní 1970. Kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rà, ló bá dá ilé iṣẹ́ Nearly Me sílẹ̀ láti máa ṣe é. Ní Ìlá, télọ̀ ló rán àpò sínú kọ́mú fún wa, a fi òwú kún un, a fi ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì sí i kí ó lè wúwo, nítorí tí ó bá fúyẹ́ jù, kọ́mú á máa sún sókè. Àwọn míì ò fẹ́ ìyẹn náà. Audre Lorde, akéwì Amẹ́ríkà, ò fi nǹkan kan dí àyè tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Cancer Journals, ní 1980, pé nọ́ọ̀sì kan bá òun wí pé kò dáa fún ọkàn àwọn tó wà ní ọ́fíìsì dókítà náà. Tí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ BRECAN wà n'Ìbàdàn. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun náà ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, ló dá a sílẹ̀ ní 1997.

Àǹtí mi máa ń wọ tiwọn lọ sóde, wọ́n máa ń bọ́ ọ tí wọ́n bá ń lọ sóko. Mo rò pé ọ̀rọ̀ títún ọyàn ṣe ti parí. Lóṣù tó kọjá, a tún jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní, "Ti ọ̀rá ikùn tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá mú un, ṣé ikùn mi á wálẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń wálẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ikùn, wọ́n ní, "Hmm. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kórè ná."