SDK àti Dátà Ohùn Ìpàdé Orí Ayélujára

SDK ni àkójọ irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan pèsè fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè lo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ètò tiwọn. Àpẹẹrẹ kan ni Meeting SDK ti Zoom.

Méjì nìyí lára àwọn ọ̀nà tí dátà ìpàdé Zoom ń gbà dé ọwọ́ ẹni. Èkíní ni fáìlì ìgbàsílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé: MP4 fún àwòrán àti ohùn, M4A fún ohùn nìkan. Èkejì ni dátà tútù, tí SDK ń gbé jáde bí ìpàdé ti ń lọ lọ́wọ́. Tútù ni a pè é nítorí pé a kò tíì sè é di fáìlì: ohùn wà ní PCM, àwòrán sì wà ní YUV.

Dátà tútù wúlò fún onímọ̀ èdè. SDK lè fi ohùn gbogbo olùkópa ránṣẹ́ ní àpapọ̀. Ó sì lè ya ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Níbi tí ènìyàn méjì bá ti jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàsọ́tọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe àdàkọ gbọ́ ọkọ́ ní ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í wọ ilé onílé láìkágò. Ètò náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìgbàsílẹ̀ kí dátà tútù tó jáde. Àṣẹ alákòóso ìpàdé nìkan kò sì tó: dátà ara ẹni ni ohùn tó bá lè fi ènìyàn hàn, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì dáàbò bò ó. Ó yẹ kí olùwádìí sọ ìdí ìgbàsílẹ̀ fún gbogbo olùkópa, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda wọn ṣáájú.