Ẹ Má Fi Dátà Yín Ra Ìtàn Tí Ẹ Kò Nílò: Bí Git Clone Ṣe Lè Fúyẹ́

Tí ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Osi tàbí Iloffa bíi tiwa níbí, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé dátà kì í ṣe nǹkan tí à ń fi ṣeré. Hotspot fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ohun tí `git clone` ń gbé wá gan-an, àti bí a ṣe lè dín in kù.

Linus Torvalds ló ṣe Git lọ́dún 2005, kí àwọn tó ń kọ Linux lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nínú Git, ẹni tó bá gba iṣẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń gba gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹ wò ó bí ìwé alájọ. Ẹni tó fẹ́ mọ iye owó tó wà nílẹ̀ lónìí, ojú ìwé tó kẹ́yìn ló nílò. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún Git, odindi ìwé ló máa dà kọ, látọjọ́ tí àjọ ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú ìwé yìí. Commit ń sọ ẹni tó ṣe àyípadà, ìgbà tó ṣe é àti ìdí rẹ̀. Tree ń to orúkọ fáìlì àti fódà. Blob ni ohun tó wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, òun ló sì sábà máa ń wúwo jù. Bí ẹnì kan bá fi fídíò ńlá síbẹ̀, tó pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, fídíò yẹn ṣì wà nínú ìtàn. Ẹ̀yin lẹ máa san owó dátà rẹ̀! Linux ti kọjá mílíọ̀nù kan commit láti ọdún 2020, ìtàn rẹ̀ sì ju GB 2 lọ dáadáa.

Èyí tó tún burú ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí clone ku díẹ̀ kó parí, Git kì í bá a lọ láti ibi tó dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Kí la wá lè ṣe?

Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan. `git clone --depth 1 ÀDÍRẸ́SÌ` máa gbé ẹ̀dà tòní nìkan wá. Ṣùgbọ́n `git log` máa fi commit kan ṣoṣo hàn yín, `git blame` náà á sì máa di gbogbo ẹrù ru ẹni tó ṣe commit yẹn. Bí ẹ bá wá nílò ìtàn, `git fetch --deepen=500` máa fi 500 kún un. Bẹ́ẹ̀ lẹ lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, èyí tó ti wọlé kò ní sọnù. `git fetch --unshallow` ló ń gbé gbogbo ìyókù wá.

Àkọsílẹ̀ láìsí ẹrù. `git clone --filter=blob:none ÀDÍRẸ́SÌ` máa gba gbogbo commit àti tree, àmọ́ blob tòní nìkan ló máa gbà. Bí ẹ bá fẹ́ wo fáìlì àtijọ́, ìgbà yẹn ni Git máa lọ gbé e wá, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlẹ́rọ Google àti Microsoft wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí. Kò yà mí lẹ́nu: ní 2017, Windows nínú Git jẹ́ nǹkan bíi GB 300, clone rẹ̀ sì ń gbà ju wákàtí 12 lọ. Ìyà yìí ò mọ sọ́dọ̀ àwa tó ń ra dátà nìkan o.

Fódà kan ṣoṣo. Bí ìwé àlàyé nìkan lẹ fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ fi `--sparse` kún àṣẹ òkè yẹn, kí ẹ wọ inú fódà iṣẹ́ náà, kí ẹ wá kọ `git sparse-checkout set docs`, bó bá jẹ́ docs ni fódà náà ń jẹ́.

Kí ẹnì kan gbà á fún gbogbo wa. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ náà lódindi lè kọ `git bundle create ise.bundle --all`. Fáìlì kan ṣoṣo ló máa jáde. Ẹ fi flash gbé e láti Osi dé Iloffa, kí ẹ wá kọ `git clone ise.bundle`. Dátà tó lọ sí i: òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `git remote set-url origin ÀDÍRẸ́SÌ` darí rẹ̀ sí orísun rẹ̀, kó lè máa gba ohun tuntun nìkan.

Èmi, bí mo bá fẹ́ dán sọ́fítíwíà wò lásán, `--depth 1` ti tó mi. Bí mo bá fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, `--filter=blob:none` ni mò ń lò. Bí a bá sì ju ẹni méjì lọ tá a fẹ́ iṣẹ́ kan náà, bundle ni. Kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ìwé alájọ lódindi ni mo fẹ́, àbí ojú ìwé tòní?