Ṣọ́ọ̀kì Alùpùpù: Ẹ Má Tíì Yọ Orígínà Dànù O!

Ọ̀rọ̀ tó kan àpò yín la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Bí ọmọ tí ẹ ra alùpùpù fún bá sáré wọlé pé, "Mọ́mì, ṣọ́ọ̀kì yìí ti kú, ẹ jẹ́ kí n lọ ra èyí tó nípọn," kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa tú etí aṣọ lójú ẹsẹ̀ ni, àbí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè pé kí ló pa á?

Ẹ béèrè o. Owó ńlá ni wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ẹ̀mí sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Alùpùpù tó bá ń fò lórí gegele, búréèkì rẹ̀ kì í mú dáadáa, torí táyà tí kò kanlẹ̀ ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

ẸRÙ LÓ KÙ TÍ A Ń GBÉ

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ìjọba Èkó fi Ṣómólú kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà. Bàrígà náà ò yọ sílẹ̀. Èrò kúrò lẹ́yìn alùpùpù, ẹrù wá gba ipò rẹ̀: oúnjẹ, aṣọ, ẹyin, àti iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí gbogbo Èkó mọ̀.

Ẹrù sì yàtọ̀ sí èrò. Bí èrò bá rí kòtò níwájú, á gbé ìdí sókè díẹ̀. Páálí bébà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Rìmù A4 kan tó jẹ́ 80 giramu, ìwé 500 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń lọ sí bíi kílò 2.5. Rìmù 5 nínú páálí kan, kílò 12.5 nìyẹn. Ẹni tó bá di páálí 4 sẹ́yìn ti gbé kílò 50, ìyẹn odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan, láìtíì ka ara tirẹ̀ mọ́ ọn.

IṢẸ́ MÉJÌ NI ṢỌ́Ọ̀KÌ Ń ṢE

Irú alùpùpù tó wọ́pọ̀ láàárín wa, bíi Bajaj Boxer tó wá láti Íńdíà, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ló ní: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Sípíríǹgì ni alábàárù, òun ló ń ru ẹrù. Ọ́ìlì tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì ló ń kó o níjàánu kó má baà máa jó. Bí ọ́ìlì bá ti jò tán, sípíríǹgì náà di ewúrẹ́ tó já okùn.

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Alùpùpù ń jó, wọ́n ní sípíríǹgì ò lágbára mọ́, wọ́n lọ ra èyí tó le bí òkúta. Bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ló tán!

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ tẹ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ le. Tó bá ń fò sókè-sódò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ìjánu mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀pá dídán tó wà níwájú. Bí ọ́ìlì bá ti yí i lára, síìlì ti já. Síìlì tuntun àti ọ́ìlì tuntun, ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ, lè sọ ṣọ́ọ̀kì iwájú di ọmọ tuntun, tí ọ̀pá náà ò bá ti tẹ̀ tàbí kí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ti ẹ̀yìn tó bá ti jò ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi àgbà kan, ọmọdé kan síbẹ̀.

Ọ̀FẸ́ WÀ ŃBẸ̀

Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Òrùka kan wà níbẹ̀ tó ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Ẹrù pọ̀ lónìí? Ẹ yí i sókè. Ẹrù tán? Ẹ dá a padà. Kí ọ̀tún àti òsì sá wà lórí àtẹ̀gùn kan náà. Yíyí i ò sọ sípíríǹgì di líle o, ó kàn ń gbé ìdí alùpùpù sókè ni.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe di ẹrù. Àpótí tó bá yọ sẹ́yìn kọjá àárín táyà ẹ̀yìn á máa gbé iwájú kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ á fúyẹ́, alùpùpù á máa rìn tàgétàgé. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè wo àrùn yẹn. Ẹ sún àpótí síwájú.

TA NI ALÁGBÁRA TỌ́ SÍ?

Ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo láti àárọ̀ dalẹ́, tó ti tún orígínà ṣe, tó ti yí òrùka, tí ìdí alùpùpù sì ṣì ń gbá gbàgà nínú kòtò: ẹni yẹn ni. Àmọ́ kó ṣọ́ra. Kó wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì láti ihò òkè dé ihò ìsàlẹ̀, kó bá ti àtijọ́ mu. Èyí tó bá gùn jù á gbé ìdí sókè, iná iwájú á máa tàn sílẹ̀, ṣéènì lè máa ha irin, dábù sì lè má kanlẹ̀ mọ́. Kó má sì gbàgbé iwájú. Bí ẹ̀yìn bá le tí iwájú rọ̀ jọ̀ǹtọ̀, gbàrà tó bá tẹ búréèkì ni imú alùpùpù á dorí kodò.

Ìgò gáàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ojúlówó rẹ̀ wúlò. Gáàsì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ́ìlì hó bí ọṣẹ nígbà tó bá gbóná. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, òfìfo inú agolo. Ẹ má fi ojú àwọ̀ pupa ra ọjà.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin oníná, tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti àpò irinṣẹ́ nìkan lẹ wà lórí ẹ̀, orígínà tó yè kooro ló tọ́ sí yín. Alágbára láìsí ẹrù, ìbàdí yín ló máa jẹ ẹ́, táyà á sì máa ta pọ́ún-pọ́ún lójú títì tó ti bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì. Kò ní lè tẹ̀ mọ́, férémù ló máa gba ìyà náà. Ẹ sì rántí pé ṣọ́ọ̀kì tó nípọn ò sọ férémù, búréèkì àti táyà di alágbára. Iye ẹrù tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé alùpùpù náà, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Àtúnṣe ló yẹ kó ṣáájú pààrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ tiyín, ṣé ẹ jèrè àbí ẹ kábàámọ̀? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín.