Oyún Ṣíṣẹ́ ní Ilẹ̀ Àjèjì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n àìsọ rẹ̀ ti rán ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lọ sí ọ̀run àpàpàǹdodo. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó wà ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó wá lóyún tí kò fẹ́, tàbí oyún tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. A kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ṣẹ́yún. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí òfin wí, ibi tí ìtọ́jú wà, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a fi ọjọ́ ṣòfò.

Àwa ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun mọ ọ̀nà àjò. Àwọn onílù wa ti lu dùndún dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ẹ̀jìgbò tí kò jìnnà sí wa ní ọmọ púpọ̀ ní Àbíjàn. Àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn ń ṣòwò tàbí kàwé ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àwọn kan sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Texas.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin ilé. Ní gúúsù Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1916 ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ẹni tí ó bá ṣẹ́yún fún obìnrin lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Obìnrin tí ó bá ṣẹ́ oyún ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ẹni tí ó bá fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́ tí ó fi ṣe é lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Òfin náà kò ka iṣẹ́ abẹ tí a fi òtítọ́ inú ṣe láti gba ẹ̀mí ìyá là sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kì í bá arìnrìn-àjò wọ ọkọ̀. Òfin ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá wà ni ó ń darí rẹ̀. Bí a bá kọjá Ìdí-Ìrókò báyìí, èdè Yorùbá ni a óò máa gbọ́ lọ títí dé Sakété, ṣùgbọ́n òfin ti yàtọ̀. Ní 2003, ilẹ̀ Benin gbà kí a ṣẹ́yún bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, bí a bá fi ipá bá obìnrin lò pọ̀, tàbí bí àìsàn líle bá wà lára ọmọ inú. Ní ọjọ́ 20 oṣù October 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi kún un pé obìnrin tí oyún bá fẹ́ kó ìnira bá, ìbáà ṣe ní ti owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ọkàn, lè béèrè fún un kí oyún náà tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Mínísítà ètò ìlera wọn wí nígbà náà pé ó tó bí igba obìnrin tí ìṣẹ́yún ẹ̀yìn ilé ń pa lọ́dọọdún ní Benin.

Ọ̀pọ̀ kò mọ bí a ti ń ka ọ̀sẹ̀ náà. Kì í ṣe ọjọ́ tí obìnrin bá ọkùnrin pàdé ni àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù rẹ̀ tí ó ṣe kẹ́yìn. Bí ó bá rí i ní ọjọ́ kìíní oṣù January, ọ̀sẹ̀ 12 pé ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù March. Nígbà tí yóò fi mọ̀ pé nǹkan oṣù òun kò wá, ọ̀sẹ̀ 4 ti lọ. Àìtètè mú olè ni olè fi ń mú olóko.

Ní Gánà, òfin 1985 gbà á bí a bá fi ipá bá obìnrin lò, bí ẹbí bá fún un lóyún, bí ọmọ inú bá ní àbùkù líle, tàbí bí oyún bá lè ba ìlera ara tàbí ọpọlọ ìyá jẹ́. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é. Ní ilẹ̀ Ivory Coast, àyè kéré: ewu ikú ìyá tàbí ìfipábánilòpọ̀ nìkan ni.

Ní England, Scotland àti Wales, òfin 1967 ni wọ́n ń lò. Dókítà méjì ni yóò fọwọ́ sí i, gbèdéke rẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ 24, àfi ní ìgbà ewu ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí ó ti san owó ìlera pẹ̀lú físà rẹ̀ kì yóò tún sanwó níbẹ̀. Ẹni tí ó lọ ṣe àbẹ̀wò ráńpẹ́ ni yóò sanwó. Kò sí ọkọ tí ó lè fi ilé ẹjọ́ dí i lọ́wọ́. Wọ́n ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1978. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù June 2022, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀: Maryland gbà á, Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á rárá.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tètè lọ sí ilé ìwòsàn tí ìjọba mọ̀, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìlera rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ Faransé, kí ó mú ẹni tí ó fọkàn tán tí yóò ṣe ògbufọ̀. Kí ó sá fún ẹni tí ń ṣe é ní yàrá ẹ̀yìn àti oògùn tí kò ní orúkọ. Bí ọwọ́ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n bá wà nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ kéré. Ọwọ́ aláìmọ̀ ni ó ń pani.

Ẹ fetí sí àmì ewu wọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ibà, inú rírun tí kò lọ, òórùn burúkú láti ojú ara. Bí a bá rí ọ̀kan nínú wọn, nílé tàbí lájò, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ ní wákàtí náà. Kí obìnrin náà sọ ohun tí ó mu àti ìgbà tí ó mu ún fún dókítà, nítorí ohun tí dókítà kò mọ̀, kò lè tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó mọ̀ pé òun lè bá yín sọ̀rọ̀ kò ní bá oníṣẹ́ ibi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbéra.